Eyín Kọ́ Ni Wàhálà, Ọ̀fun Ni: Àgbéyẹ̀wò Dísípósà Inú Síńkì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan ní Houston, ìyá mi ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀wà ọlọ́yin ni, ó sì pọ̀, nítorí àlejò pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ ni wọ́n ń da omi èèpo rẹ̀ sínú síńkì, bí mo ṣe ń rí i tí wọ́n ń dà á sẹ́yìnkùlé ní Ìbàdàn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà tí èèpo bo ojú ihò síńkì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí ògiri, ó tẹ súwíìṣì. Ariwo ta, ìyá mi fò sẹ́yìn.

"Kí lèyí, ọmọ mi?"

"Dísípósà ni, Màmá. Gbogbo ẹ̀ ló máa jẹ."

Ó jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ó jẹ èèpo ẹ̀wà bí abọ́ ńlá mẹ́rin, ó jẹ èèpo àlùbọ́sà, ó jẹ ìdí tòmátì. Kó tó di agogo méjì ọ̀sán, omi pupa ti kún síńkì méjèèjì dé ẹnu, ẹni tó fẹ́ ṣan ife lásán kò rí ibi tí yóò ti ṣe é. Púlọ́ńbà dé lálẹ́. Ó tú páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ nísàlẹ̀ síńkì, ó ti wáyà gígùn bọ inú ògiri, ohun tó sì fà jáde dà bí aṣọ àdìrẹ tí a gbàgbé sínú omi. Owó tí a san fún un ju owó ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja inú mọ́ínmọ́ín náà lọ. Kó tó máa lọ, ó tẹ súwíìṣì, ẹ̀rọ náà sì kùn bó ṣe ń kùn tẹ́lẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ wa ò ṣe nǹkan kan, páìpù wa ló yó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ dísípósà kiri. Mo ka ìwé ìtọ́ni tí àwọn tó ń ṣe é máa ń fi sínú páálí. Mo ka ìkìlọ̀ àwọn tó ń bójú tó omi ìdọ̀tí ìlú. Mo bi àwọn púlọ́ńbà, mo sì bi àwọn ìyá àti àwọn àǹtí wa tó ti ń gbé Amẹ́ríkà pẹ́. Ẹnu wọn ò kò. Ẹni tó ń tà á sọ pé ó lè jẹ eegun, ẹni tó ń tún un ṣe ní kó má tilẹ̀ kan ìrẹsì. Lójú tèmi, kò sí èyí tó ń purọ́ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ eyín ni ẹni tó ń tà á ń sọ, ọ̀rọ̀ ọ̀fun sì ni ẹni tó ń tún un ṣe ń sọ. Bí a bá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ nínú awuyewuye náà á rọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ la ẹnu rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé abẹ ló wà níbẹ̀, bíi ti bílẹ́ńdà. Kò sí abẹ kankan. Àwo irin pẹlẹbẹ kan ló ń yí bírí ní ìdí àgbá kékeré kan, irin kúkúrú bíi méjì sì wà lórí àwo náà tó ń ti oúnjẹ káàkiri. Òrùka irin tó ní eyín wẹ́wẹ́ ló yí àwo yìí ká, òun kì í mì rárá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, àwo náà ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1,725 láàárín ìṣẹ́jú kan, àwọn oríṣi kan sì wà tó ń yí ju ìgbà 2,500 lọ. Oúnjẹ tó bá bọ́ sórí ohun tó ń yí báyẹn kò lè dúró láàárín, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fò sí, òrùka náà á sì máa fá a. Bí a ṣe ń rin gbágùúdá gan-an ló rí. Èyí tó bá ti kúnná á bá omi gba àlàfo kọjá, èyí tí kò bá kúnná á tún yí po.

Ẹni tó bá ti rin gbágùúdá rí kò nílò ìwé ìtọ́ni fún apá kan ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó le tó sì ń fọ́ máa ń rin dáadáa. Ohun tó ní okùn nínú kì í rin, ṣe ló ń fà. Ìdí nìyẹn tí egungun adìẹ wẹ́wẹ́ fi lè kọjá nínú ẹ̀rọ tí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà máa ń dá dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò ní kà á sí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan ẹ̀rọ yìí ni John Hammes, ayàwòrán ilé kan ní ìlú Racine ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ọdún 1927 ló ṣe é, 1935 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, ó sì dá ilé-iṣẹ́ InSinkErator sílẹ̀ ní 1938. Ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà. Whirlpool ló rà á ní 2022 ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Owó báyẹn kì í ṣe owó ohun tí ènìyàn díẹ̀ ń lò. Síbẹ̀, ìlú tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀ ọ́. Ní àwọn ọdún 1970, New York fòfin dè é ní apá tó pọ̀ jù nínú ìlú náà, torí pé páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọn ti gbó, òjò àti ìdọ̀tí sì jọ ń gba inú ọ̀kan náà kọjá. Wọ́n fi ẹ̀rọ náà dánwò nínú àwọn ilé kan kí wọ́n tó gbé òfin náà kúrò ní 1997. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀fun ìlú ni wọ́n ń bẹ̀rù ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé eyín ẹ̀rọ náà kò mú.

Ọ̀fun ilé tiwa wá ńkọ́? Páìpù síńkì ilé ìdáná ní Amẹ́ríkà sábà máa ń fẹ̀ tó ínǹṣì kan ààbọ̀. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ kọdọrọ kó lè di omi díẹ̀ mú, kí òórùn má baà gòkè padà. Lẹ́yìn náà ló wọ inú ògiri, tó sì na gbalaja lábẹ́ ilẹ̀ kó tó kan páìpù ńlá. Ibi tó ti na gbalaja yẹn ni ọ̀pọ̀ wàhálà ń gbé. Omi kì í sáré níbẹ̀, ohun tó bá wúwo á sì jókòó. Nínú ilé àtijọ́ tó jẹ́ páìpù irin, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ nínú débi pé ìka méjì lè má kọjá.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ fún wa pé ká lọ ra èyí tó lágbára jù. Ìdámẹ́ta agbára ẹṣin kan wà, èyí tí àwọn lánlọ́ọ̀dù máa ń fi sínú ilé àyágbé torí pé kò wọ́n. Ìdajì wà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wà, odidi agbára ẹṣin kan náà wà. Èyí tó lágbára kì í tètè há, ó ń lọ nǹkan kúnná, ariwo rẹ̀ sì máa ń dínkù bó bá jẹ́ olówó ńlá. Mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n inú páìpù ínǹṣì kan ààbọ̀ náà ni yóò da gbogbo rẹ̀ sí. Ẹni tó ra eyín tuntun kò tíì ra ọ̀fun tuntun. Bí owó bá wà, ohun tí mo rò pé ó yẹ ká san án fún ni irin tí kì í dípẹtà nínú, nítorí ìpẹtà ló máa ń pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

Ó tún kan ọ̀rọ̀ omi gbígbóná àti omi tútù, tí mo rò pé ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyàwó àti ìyá ọkọ jù bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ìyá wa gbà pé omi gbígbóná ló ń fọ ọ̀rá. Òótọ́ ni, ó ń fọ̀ ọ́ kúrò lára abọ́. Nínú páìpù ni kò ti dára. Ọ̀rá tó bá yọ́ lábẹ́ síńkì á ṣàn lọ, á tutù níwájú, á sì dì mọ́ ara páìpù níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Bí omi bá tutù, ọ̀rá díẹ̀ tó bá wà nínú oúnjẹ á dì, ẹ̀rọ á gé e wẹ́wẹ́, omi á sì gbé e lọ. Lórí èyí, ẹnu àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà àti ẹnu àwọn púlọ́ńbà kò: omi tútù la fi ń lọ nǹkan. Bí iṣẹ́ bá ti parí, tí ẹ bá fẹ́ da omi gbígbóná gba ibẹ̀, kò burú.

Ètò iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ gba ọgbọ́n púpọ̀. Ẹ ṣí omi tútù kó máa ṣàn gidi. Ẹ tẹ súwíìṣì kí ẹ tó fi nǹkan sí i, kí ẹ wá máa fi í sí i díẹ̀díẹ̀. Ìyàtọ̀ inú ariwo rẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ti ṣófo. Ẹ pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ má pa omi. Ẹ jẹ́ kó ṣàn bí ìdajì ìṣẹ́jú sí i. Ìdajì ìṣẹ́jú yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, ti ọ̀fun sì ni.

Wàyí o, oúnjẹ. Gbogbo àkọsílẹ̀ tí mo kà ló kún fún oúnjẹ ẹlòmíràn: ewébẹ̀ tí wọ́n ń pè ní celery, èèpo ọ̀dùnkún, ìkarahun òyísítà. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó mọ èbà. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ wa ni mo rò pé ó fi ìyàtọ̀ eyín àti ọ̀fun hàn jù lọ.

Ẹ mú gààrí bí àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ kò ní ìjà kankan pẹ̀lú gààrí, ó ti kúnná kó tó débẹ̀. Gbogbo wa ló sì mọ ohun tí gààrí ń ṣe bí omi tútù bá kàn án, tí a sì fi í sílẹ̀ díẹ̀. Omi tútù tí wọ́n ní ká máa dà sí i, òun gan-an ni gààrí ń retí. Ẹni tó bá da ìsàlẹ̀ abọ́ gààrí sínú síńkì ti fi í sí ibi tí yóò ti wú ní ìrọ̀rùn. Èbà, iyán àti àmàlà tún burú díẹ̀ sí i, torí pé ẹ̀rọ á lọ̀ wọ́n di àtẹ́, àtẹ́ náà á sì lẹ̀ mọ́ páìpù, ohunkóhun tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn á wá máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ìrẹsì kò yàtọ̀. Òkèlè kan tó kù lára abọ́ kò lè ṣe nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni mò ń sọ.

Èèpo ẹ̀wà, ẹ ti gbọ́ tiwa. Fífẹ́lẹ́ tó fẹ́lẹ́ ló jẹ́ kó léwu. Ó fúyẹ́ débi pé omi ń gbé e gba àlàfo kọjá láìjẹ́ pé eyín kàn án, lẹ́yìn náà ló ń tò léra wọn ní ibi tí páìpù ti tẹ̀. Ẹ fi asẹ́ gbà á. Ìyẹn nìkan ni ìmọ̀ràn tí mo ní lórí ẹ̀wà, owó tí mo san kí n tó mọ̀ ọ́n sì dùn mí di òní.

Àwọn olókùn ló tún kàn: èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, èèpo iṣu, háhá àgbàdo àti irùkẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀, igi ẹ̀fọ́ tó ti gbó. Àwọn wọ̀nyí ń yí mọ́ àwo irin bí òwú ṣe ń yí mọ́ kẹ̀kẹ́ ìránṣọ, ẹ́ńjìnnì á wá gbóná kó tó kú. Eyín ni tiwọn. Ilá, ewédú àti àpọ̀n tí a ti sè kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, bí wọ́n ṣe ń yọ̀ lọ́fun ènìyàn náà ni wọ́n ń yọ̀ lọ́fun síńkì. Igi ìjábẹ̀ tó bá já bọ́ sínú ihò nígbà tí a ń fọ̀ ọ́ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ó tín-ín-rín, kò hàn, ó sì mọ bí a ṣe ń há sáàárín àwo àti òrùka.

Lórí eegun, ìwé ìtọ́ni àwọn ẹ̀rọ kan sọ ní gbangba pé eegun kéékèèké kò burú, ó tilẹ̀ ń ha ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀rọ. Mo gbà fún wọn tó bá jẹ́ eegun adìẹ oníkẹ́jì, èyí tí ọmọdé lè fi eyín fọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé wọn, kì í ṣe eegun ẹran ewúrẹ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kókósẹ̀ màlúù. Ìkarahun ìgbín àti kóró máńgòrò kò tilẹ̀ yẹ ká dá lábàá rárá. Pọ̀nmọ́ náà kò yẹ ibẹ̀, kì í fọ́, kì í rin, ó kàn ń fò kiri nínú àgbá ni.

Nínú gbogbo wọn, epo ló burú jù, ẹ̀rọ kò sì mọ̀ pé òun gbé e mì. Epo pupa nílò ooru tó nǹkan bí ìwọ̀n 35 lórí ìwọ̀n Celsius kó tó yọ́ tán. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣàn ní Ìbàdàn tó sì ń dì gbagidi nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní Chicago lóṣù Kejìlá. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ tutù ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ọ̀rá ẹran náà bẹ́ẹ̀, àti òróró ọbẹ̀ ata tó léfòó lókè ìkòkò. Ní 2017, wọ́n rí òkìtì ọ̀rá dídì kan nínú páìpù ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ Whitechapel ní London, tó gùn tó mítà 250 tó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 130. Nígbà tó di 2018, wọ́n gbé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ sí Museum of London káwọn ènìyàn lè wá wò ó, èyí tó jẹ́ ohun tí mi ò lè ṣàlàyé fún ìyá mi yé. Àwọn ará London kì í sábà ní dísípósà nínú síńkì. Ọ̀rá tí wọ́n ń dà nù lásán, pẹ̀lú tíṣù tútù tí wọ́n ń jù sínú ṣáláńgá omi, ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Ẹ da epo sínú agolo, ẹ jẹ́ kó dì, ẹ gbé e jù sínú pàǹtírí.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn ń jà lé lórí tí kò tọ́ sí ìjà. Wọ́n ní yìnyín ń pọ́n abẹ ẹ̀rọ. Abẹ wo? Ohun tí yìnyín ń ṣe ni pé ó ń ha ìyọ̀rọ́ kúrò lára òrùka, pàápàá bí a bá bu iyọ̀ sí i, ó sì ń ṣe ìyẹn dáadáa. Wọ́n ní èèpo ẹyin náà ń pọ́n ọn. Kò rí bẹ́ẹ̀; á lọ di iyanrìn, iyanrìn náà á sì lọ bá ọ̀rá nínú páìpù, wọ́n á jọ mọ ilé. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyin kan tàbí méjì kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì àti kéèkì tà kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dàṣà. Ọsàn wẹ́wẹ́ ń jẹ́ kó ta sánsán, fún bí wákàtí kan. Òórùn burúkú inú síńkì kì í sábà wá láti inú ẹ̀rọ. Rọ́bà dúdú tó wà lẹ́nu ihò ni kẹ́ ẹ ká sókè, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì wò ó rí, kó jẹun tán ná. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti ọṣẹ ló ń tán an.

Èyí tí mo dúró lé lórí gidi ni ti kẹ́míkà tí wọ́n ń tà nínú ike pé ó ń la páìpù. Ẹ má dà á sínú dísípósà. Ó ń jẹ rọ́bà tó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì, kì í sì í sábà dé ibi tí páìpù ti dí gan-an. Bí kò bá ṣiṣẹ́, á dúró síbẹ̀ de ojú ẹni tó bá tú páìpù náà lẹ́yìn yín.

Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ẹ fetí sí i kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, torí ohùn rẹ̀ ló ń sọ àìsàn rẹ̀. Bó bá ń kùn ṣùgbọ́n tí kò yí, nǹkan ti há a. Ẹ tètè pa á. Ẹ́ńjìnnì tó ń tiraka láìyí á jóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ lọ síbi bíréékà iná, kí ẹ pa ti ilé ìdáná, torí ọmọdé lè wọlé kó na ọwọ́ sí súwíìṣì ògiri, èmi mọ ọ̀kan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ fi ẹ̀mú yọ ohun tí ẹ bá rí. Ọwọ́ kò wọ ibẹ̀, bíréékà ìbáà ti kú. Ṣíbí tíì ni mo máa ń rí jù. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹ̀rọ náà, ihò olójú mẹ́fà kan sábà máa ń wà láàárín rẹ̀. Sípánà kékeré oní ìdámẹ́rin ínǹṣì ló bá a mu. Ẹ fi yí i lọ sọ́tùn-ún, ẹ yí i wá sósì, títí tí yóò fi rìn yíká fàlàlà. Èyí tí kò bá ní ihò nísàlẹ̀, igi ìgbálẹ̀ la ń kì í láti òkè láti fi ti àwo irin náà.

Bó bá dákẹ́ pátápátá, tí kò tilẹ̀ kùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó gbóná jù ló fi pa ara rẹ̀. Bọ́tìnì pupa kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Àìmọye ènìyàn ló ti ra ẹ̀rọ tuntun nítorí bọ́tìnì yìí.

Bó bá ń yí dáadáa ṣùgbọ́n tí omi kò lọ, ẹ fi í sílẹ̀, kò jẹ̀bi. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí páìpù dí, ṣe ni yóò máa fipá ti omi sínú síńkì kejì, bó ṣe ṣe fún wa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ fi aṣọ dí ihò síńkì kejì kí ẹ tó fi rọ́bà afààmú tẹ ihò ẹ̀gbẹ́ dísípósà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ lásán ni ẹ ó máa tẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fún rọ́bà gígùn tó so ó mọ́ dísípósà pa, kí omi ìdọ̀tí má baà padà wọ inú rẹ̀. Nígbà tí a sì ń sọ ọ́ lọ: ẹni tó bá pààrọ̀ dísípósà tí ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ kò bá wá da omi mọ́, kó bi ẹni tó bá a so ó bóyá ó rántí fi òòlù ta ìdérí ike kékeré tó wà nínú ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Ó dà bí ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Àwa tí a ń lọ sílé lóṣù Kejìlá ní ìṣòro kan tí ìwé ìtọ́ni kò kọ sílẹ̀ lédè wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́fà láìlò tó fún irin tó ń dípẹtà láti lẹ̀ pọ̀. Kẹ́ ẹ tó lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú, ẹ fi omi tútù tó mọ́ yí i dáadáa kó má ku oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dé, ẹ lo sípánà kẹ́ ẹ tó tẹ súwíìṣì.

Ilé tó bá ń lo sọkáwéè dípò páìpù ìlú, èyí tó pọ̀ ní ẹ̀yìn odi àwọn ìlú ńlá tí àwọn ènìyàn wa ń kọ́lé sí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò pẹ́. Àjọ EPA, tó ń bójú tó àyíká fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n má lo dísípósà níbẹ̀ tàbí kí wọ́n dín in kù, torí ohun líle àti ọ̀rá ló ń fi kún inú táǹkì. Èmi á sọ pé kí wọ́n má lò ó. Táǹkì tó kún kì í dúró sí abẹ́ síńkì, ó ń bọ̀ wá bá ènìyàn ní balùwẹ̀.

Ṣé ó wá dára kí oúnjẹ gba síńkì lọ, àbí kó lọ sí pàǹtírí? Níbí ni mo ti ń lọ́ra láti dá ẹjọ́. Oúnjẹ tó bá jẹrà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí máa ń tú gáàsì mẹ́téènì jáde. EPA sọ ní 2023 pé nǹkan bí ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún mẹ́téènì tó ń jáde láti irú ibẹ̀ ní Amẹ́ríkà, oúnjẹ ló fà á. Àwọn tó ń ta dísípósà ní ìdáhùn sí èyí. Wọ́n ní bí oúnjẹ bá gba páìpù dé ibi tí wọ́n ti ń wẹ omi ìdọ̀tí mọ́, wọ́n lè fi gáàsì rẹ̀ dáná, wọ́n sì lè fi ìyókù rẹ̀ ṣe ajílẹ̀. Irọ́ kọ́. Láti 1926 ni Milwaukee, tí kò jìnnà sí Racine rárá, ti ń gbẹ ohun tó kù nínú omi ìdọ̀tí rẹ̀, tó sì ń tà á ní ajílẹ̀ tí wọ́n pè ní Milorganite. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlú ló ń ṣe bíi Milwaukee. Nígbà tí EPA náà to ọ̀nà tí a lè gbà lo oúnjẹ tó ṣẹ́kù láti orí èyí tó dára jù dé èyí tó burú jù ní 2023, dída á sínú síńkì wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dída á sí ààtàn ìjọba àti sísun ún níná. Ìpínlẹ̀ Vermont ti ṣòfin láti 2020 pé kí oúnjẹ má bá pàǹtírí lọ mọ́, California sì ti ní kí wọ́n máa ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ láti 2022. Ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó padà sí.

Ìyá mi kò ka EPA. Ní ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ, wọ́n gbé abọ́ ike kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún ẹ̀rọ yẹn lóúnjẹ mọ́ títí àwọn yóò fi lọ. Èèpo ẹ̀wà, ìdí tòmátì, omi ata, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú abọ́ náà, tí wọ́n sì ń dà á sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà lẹ́yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń fi igi wú erùpẹ̀ bò ó. Mo ń bẹ̀rù pé àwọn aládùúgbò á fẹjọ́ wa sùn. Wọ́n padà sí Ìbàdàn ní ìparí oṣù Kejì. Nígbà tí òjò àárín oṣù Kẹta rọ̀, igi tòmátì mọ́kànlá hù ní ìlà tí kò gún, ata rodo méjì sì tẹ̀lé wọn. Mo ya fọ́tò wọn, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Wọ́n pè padà lójú ẹsẹ̀. Wọn ò béèrè ọmọ tuntun, wọn ò béèrè síńkì. Wọ́n ní kí n fa méje tu nínú tòmátì náà, ó ti pọ̀ jù lójú kan.